Aago Tó Ń Lù Nínú Ìkòkò: Ohun Tí Olóúnjẹ Ń Rí Nílùú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílùú, kó lọ jókòó sí búkà fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Kò ní pẹ́ tó fi máa mọ ìgbà tí wọ́n san owó oṣù, ìgbà tí epo mọ́tò wọ́n, àti ọjọ́ tí òjò dá àwọn èèyàn dúró sílé. Ìbàdàn ni mo ti ń ta oúnjẹ: àmàlà, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọbẹ̀ lóríṣiríṣi. Tó bá di ìparí oṣù, ẹran méjì-méjì làwọn oníbàárà máa ń ní kí n fi sí i. Tí oṣù bá dé àárín, "Màmá, ẹ bá mi fi pọ̀nmọ́ kan sí i" ni. Tó bá wá ku bí ọjọ́ mẹ́ta kí owó wọlé, ọbẹ̀ lásán ni wọ́n á ní kí n bù, wọ́n á wá máa wojú mi bóyá àánú wọn máa ṣe mí.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mi lójoojúmọ́, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá gbé yàrá kan: "Màmá, ṣé oúnjẹ yìí máa dúró dàárọ̀?" Ìbéèrè kékeré ni létí, àmọ́ sáyẹ́ǹsì pọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú náà sì pọ̀ nínú ẹ̀. Iná tó ń lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ooru, owó epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló ń dá sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹni tí kò bá mọ̀, inú rẹ̀ ló máa sọ fún un lóru.

Ìlú ní aago tirẹ̀

Láàárọ̀, bí aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn ọlọ́kadà, awakọ̀ àti bíríkìlà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ̀wà ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n ní ó máa ń pẹ́ nínú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fáíbà pọ̀ nínú ẹ̀wà, sítáàṣì inú rẹ̀ kì í sì í tètè dà nínú ikùn bíi ti búrẹ́dì. Ẹni tó fẹ́ ru búlọ́ọ̀kù títí di ọ̀sán mọ ohun tó ń jẹ.

Láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àtàwọn ọlọ́jà dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn ò tíì kúrò ní mọ́ṣáláṣí tán tí ibi ìjókòó fi máa ń kún. Ìgbà tí èrò pọ̀ jù yìí gan-an ni oúnjẹ máa ń wà láìléwu jù. Kì í pẹ́ kó tó kúrò lórí iná bọ́ sínú àwo, kì í sì í pẹ́ nínú àwo kó tó dénú ẹnu. Àwo ń lọ, àwo ń bọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kankan ò ráyè bímọ.

Ìgbà tí nǹkan bá fà ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan á pè lórí fóònù pé kí n di àbùlà òun pamọ́, òun ti dé Challenge. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ẹni tó wà ní Challenge láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lè ṣì wà ní Challenge láago mẹ́fà. Gbẹ̀gìrì ń dúró, ewédú ń dúró, àmàlà inú ọ̀rá ń tutù díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń gbé oúnjẹ kiri náà ti gba oúnjẹ èèyàn márùn-ún sínú àpótí kan, ilé ẹni karùn-ún sì jìnnà. Lálẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan á ra ìrẹsì, á jẹ ìdajì, á so ẹnu ọ̀rá, á sì gbé ìyókù sábẹ́ tábìlì de ọ̀la.

Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó ṣe ohun tó burú. Ìlú ló gba àkókò mọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

Láti 5°C dé 60°C

Lọ́dún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà márùn-ún jáde nípa oúnjẹ tí kò ní ṣe èèyàn ní jàǹbá: kí ọwọ́ àti ohun èlò mọ́, kí a ya oúnjẹ tútù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ti sè, kí a se oúnjẹ jinná dáadáa, kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ bá yẹ, kí omi àti èròjà tí a fi sè é sì dára. Èyí kẹrin ni ìlú ńlá máa ń bá wa jà lé lórí jù.

Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò le. Oúnjẹ tó bá gbóná ju 60°C lọ, ó gbóná ju èyí tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí lè bímọ nínú rẹ̀. Èyí tó bá tutù tó sì lọ sísàlẹ̀ 5°C, bíbí wọn á falẹ̀ gan-an tàbí kó dúró. Àárín méjèèjì ni ibi eléwu. Wọ́n wá ní kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ.

Ẹ wá wo ara wa. Ọ̀sán Ìbàdàn máa ń kọjá 30°C dáadáa. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 37°C. Àárín ibi eléwu gan-an la ń gbé. Oúnjẹ tó bá wà lórí tábìlì nílé wa, àsè ńlá ló wà fún kòkòrò.

Kòkòrò àìfojúrí kì í lóyún oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Tí ibi tó wà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè pín láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ mú kalkulétọ̀ fóònù yín. Ká ní ẹyọ kan ṣoṣo la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó di 8. Wákàtí méjì, ó di 64. Wákàtí mẹ́ta, 512. Wákàtí mẹ́fà, 262,144. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru nìyẹn o, ẹ ò tíì jí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé imú ò lè ràn yín lọ́wọ́ tó bí ẹ ṣe rò. Kòkòrò tó ń mú kí ọbẹ̀ kan, tó ń mú kó hó tàbí kó rùn, lọ́pọ̀ ìgbà òun kọ́ ló ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Èyí tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ lè pọ̀ rẹpẹtẹ nínú oúnjẹ tó ṣì ń ta sánsán, tí àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà, tí ata rẹ̀ ṣì dùn. Ata púpọ̀ náà ò ní kó kú.

Ìrẹsì àti kóró tí iná ò pa

Nínú gbogbo oúnjẹ tí mo ń tà, ìrẹsì làwọn èèyàn fọkàn tán jù. "Ìrẹsì gbígbẹ ni, kí ló lè ṣe é?" Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀gbẹ́ni kan hàn yín: Bacillus cereus.

Inú ilẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, torí náà kò ṣòro fún un láti bá ìrẹsì dé ilé. Tí nǹkan bá le fún un, á ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle kan bíi kóró èso, á sùn. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní spore. Ẹ lè se ìrẹsì kó hó títí omi á fi gbẹ, àwọn tó jí nínú wọn á kú, àwọn tó sùn sínú èèpo á kàn máa dúró de àsìkò. Bí ìrẹsì bá ṣe ń tutù díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á jí, wọ́n á máa pín.

Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n lè máa ṣe májèlé kan tó ń jẹ́ cereulide. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: gbígbé oúnjẹ kaná padà ò lè ba májèlé yìí jẹ́. Wọ́n ti gbé e sí 121°C fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ó sì wà síbẹ̀. Omi tó ń hó lórí sítóòfù yín, 100°C ni. Nítorí náà, "mo gbé e kaná dáadáa" ò ran ìrẹsì tó ti sùn síta lọ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yá lọ́jọ́ kejì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn. Lọ́dún 2008, ní ìlú Brussels lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ọmọ ogún ọdún kan jẹ sùpàgẹ́tì tó ti wà nínú kíṣìnì fún ọjọ́ márùn-ún láìsí nínú fíríìjì. Ó gbé e kaná kó tó jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a láyé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà tọ́ka sí B. cereus pé òun ló ṣeé ṣe jù kó fà á.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé mọ̀lẹ́bí kòkòrò yìí ló ń bá wa ṣe irú. Bacillus subtilis ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tí igbá bá ń di irú. Ọmọ ìyá méjì: ọ̀kan ń ta sánsán nínú ewédú wa, èkejì ń lé èèyàn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kí ló dé tí ìkòkò ńlá fi léwu ju kékeré lọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan sí i. Ká ní ìkòkò kan rí bí àpótí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Lítà 1 ló máa gbà, ara rẹ̀ tó kan atẹ́gùn sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 600. Tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá wá di sẹ̀ǹtímítà 40, ọbẹ̀ inú rẹ̀ á di lítà 64, ara rẹ̀ á di 9,600. Ẹ rí i? Ọbẹ̀ fi ìlọ́po 64 pọ̀ sí i, ara tí ooru máa gbà jáde fi ìlọ́po 16 péré pọ̀ sí i. Ooru ò rọ́nà jáde.

Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ ìnáwó tí wọ́n sè lálẹ́ Jímọ̀ ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ Sátidé. Inú àwọn èèyàn á dùn, wọ́n á ní "ó ṣì gbóná, kò lè bà jẹ́." Wọ́ọ́rọ́ yẹn ló ń fa ìjọ̀gbọ̀n. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Clostridium perfringens fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Òun náà ń sùn sínú èèpo tí iná ò pa. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọbẹ̀ tó hó ti lé ọ́síjìn jáde. Láàárín 43°C sí 47°C, ó lè pín láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹran púpọ̀, ọbẹ̀ ki, ìkòkò jìn: wọ́n kọ́lé fún un.

Ó máa ń gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run, kí ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó jẹun lóde ìnáwó lọ́sàn-án, òru ni inú á gbé e dìde. Àkókò gígùn yẹn ni ò jẹ́ kí àwọn èèyàn rántí ọbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n ní ẹni báyìí ló fi nǹkan sí oúnjẹ, tí ẹbí ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkòkò tó tutù jù díẹ̀díẹ̀ ló ba ìdílé jẹ́, kò sẹ́ni tó fura sí i.

Ìlànà oúnjẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní kedere: kí oúnjẹ tí a sè tètè kúrò ní 57°C sọ̀ kalẹ̀ sí 21°C láàárín wákàtí méjì, kó sì dé 5°C kí wákàtí mẹ́fà tó pé lápapọ̀. Kí oúnjẹ wà ní gbígbóná gan-an, tàbí kó tètè tutù. Ààrin ò dáa.

Ọ̀rọ̀ iná

Ní báyìí, ẹ á ní kí n ra fíríìjì. Mo ní in. Iná ni mi ò ní. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦185 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà yẹn, gbogbo olóúnjẹ ló ń ṣírò lọ́kàn lálẹ́: ṣé kí n tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ọbẹ̀ yìí, àbí kí n sùn kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run? Owó epo alẹ́ kan lè ju owó ọbẹ̀ tó kù lọ.

Sáyẹ́ǹsì ní ìmọ̀ràn níbẹ̀ náà. Fíríìjì tí iná lọ lórí rẹ̀ lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i. Fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú lè dì í mú fún nǹkan bíi wákàtí méjìdínláàádọ́ta, èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí mẹ́rìnlélógún. Èyí tó kún máa ń pẹ́ nítorí yìnyín kan ń mú èkejì tutù. Nílé wa, fírísà tó bá ní àyè, omi inú ọ̀rá la fi ń dí i. Yìnyín yẹn ni bátìrì wa.

Ṣùgbọ́n ìlú ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn fíríìjì sinmi. Ẹnì kan fẹ́ mínírà, ẹnì kan fẹ́ omi tútù. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ ń na owó tí ẹ ò rí.

Àwọn àgbà ti gbọ́n ṣáájú fíríìjì

Tí ẹ bá wo oúnjẹ tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa, ẹ máa rí i pé wọ́n ti bá aago yìí jà tipẹ́. Wọ́n sá iṣu gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Omi ti jáde, kòkòrò ò lè mu, kò lè bímọ. Ìdí nìyẹn tí èlùbọ́ tó gbẹ dáadáa fi ń lo oṣù púpọ̀ nínú àpò. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n fún un, wọ́n yan án di gàrí. Wọ́n rẹ àgbàdo, wọ́n jẹ́ kí ògì kan; kíkan yẹn ni ásíìdì tí àwọn kòkòrò rere ṣe, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò burúkú ráyè.

Ọgbọ́n wọn dá lé fífi oúnjẹ sí gbígbẹ tàbí kíkan títí dìgbà tí èèyàn bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ìgbà tí omi gbígbóná bá kan èlùbọ́ ni aago bẹ̀rẹ̀. Àwa ará ìlú ti yí i padà: à ń sè é láàárọ̀, à ń jẹ ẹ́ lálẹ́.

Àṣà míì tí wọ́n fi sílẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó wúlò, nítorí iná máa ń pa àwọn kòkòrò tó ti jí lẹ́yìn síse àkọ́kọ́. Àmọ́ wákàtí méjìlá wà láàárín iná méjì, ẹ sì ti rí ohun tí wákàtí mẹ́fà péré lè ṣe. Kì í sì í ṣiṣẹ́ fún ìrẹsì, nítorí májèlé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo ń ṣe, àtohun tí ẹ lè ṣe

Ní búkà mi, ìrẹsì àná kì í wọnú ìrẹsì òní. Àdánù ni, mi ò ní parọ́. Ìkòkò kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ń jẹ gáàsì ju ìkòkò ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ, owó àwo mi sì fi díẹ̀ wọ́n. Àwọn kan ti kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì nítorí ẹ̀. Ọbẹ̀ tó bá kù, mo máa ń pín in sínú abọ́ tí kò jìn, màá gbé àwọn abọ́ náà sínú omi tó ní yìnyín, màá máa rò ó kó lè tètè tutù kí n tó gbé e wọ fírísà. Ìrẹsì tó wà fún títà, inú kúlà tí ooru rẹ̀ kì í jáde ló máa ń wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbé, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ò ní fíríìjì. Ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán. Tí owó bá ṣòro, àwo kékeré méjì ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn ju àwo ńlá kan tó máa sùn mọ́jú. Oúnjẹ tó máa dúró de àárọ̀, ẹ fi gàrí tàbí búrẹ́dì ṣe, ẹ má fi ìrẹsì tàbí ẹ̀wà sísè ṣe é. Tí ẹ bá ní fíríìjì, ẹ má dúró kí oúnjẹ tutù pátápátá lórí tábìlì kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó wọlé kí wákàtí méjì tó pé. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ jẹ́ kó hó títí dé àárín, kì í ṣe kí etí rẹ̀ kàn móoru. 70°C ni WHO ní kó kọjá, ẹ̀fín àti híhó rẹ̀ á fi hàn yín.

Tí ẹ bá sì wọ búkà tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ lè béèrè bóyá ẹran wà, bóyá ọbẹ̀ ta, bóyá ẹ̀dínwó wà. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: "Màmá, ìgbà wo lẹ sè é?" Olóúnjẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú. Aago ló máa sọ fún yín.